Omi Inú Bàsíà Ìyá Fọlá

Nígbà tí Bàbá Àkànní, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kó òòlù wọn sínú àpótí, tí wọ́n yọ pátákó iṣẹ́ kúrò lẹ́nu géètì wọn ní Ìkìrun, gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn pé, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o," èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "N kò tíì sinmi. Ó ku bàsíà kan."

Bàsíà náà wà lórí ìṣó lára ògiri ìsọ̀ wọn. Ó tóbi, ó funfun, etí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ìdí rẹ̀ sì lu. Òun ni ìdí tí mo fi ń kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò lè yé ẹni tí kò bá mọ irú iṣẹ́ tó gbé e dé ọwọ́ Bàbá. Àlòkù ni wọ́n ń sọ di ohun ọ̀ṣọ́ ọgbà. Àgbá epo tó ti dípẹtà, kẹ́tùrù tó ń jò, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà mọ́: ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá jù sẹ́yìn ilé, Bàbá yóò rà á, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò kùn ún, wọn yóò sì gbin òdòdó sí i.

Bàbá ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo tún bi ìyá mi àti àwọn mìíràn tó mọ̀ wọ́n láti ìgbà náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti dọ́gba, n ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe ni mo kọ ọ́ fún. N kò kọ ọ́ láti fa ẹnikẹ́ni wọ iṣẹ́ náà.

Òkukù ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rájí tó jẹ́ tíńkà, tí ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Tíńkà ni ẹni tó ń fi páànù ṣe fìtílà, garawa àti àrọ, tó sì ń fi òjé dí ìdí ìkòkò tó bá ń jò. Bí wọ́n ṣe gba Bàbá síṣẹ́ kò ní ìtàn púpọ̀: bàbá wọn fà wọ́n lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Rájí le. Bàbá ní ọ̀gá àwọn kì í na ọmọ iṣẹ́. Ìyá mi ní irọ́ ni, nítorí òun rí àpá lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n òun. Èmi rò pé ẹni tó bá ti dàgbà máa ń dárí ji ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ títí yóò fi gbàgbé ohun tó dárí rẹ̀ jì. Ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni ọ̀rọ̀ omi. Kò sí ohun èlò kan tó lè kúrò ní ìsọ̀ Ọ̀gá Rájí láìjẹ́ pé wọ́n bu omi kún un. Wọn yóò gbé e ka orí òkúta, wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí rẹ̀, wọn yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá tutù, bó ti wù kó kéré mọ, òjé di yíyọ, iṣẹ́ di àtúnṣe.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní, "Ọ̀gá, ó ti gbẹ." Ebi ló ń pa wọ́n.

"Ṣé ojú lo fi wò ó ni, àbí ọwọ́?"

"Ojú ni, ọ̀gá."

"Ojú rẹ tó ti ń wo ọ̀nà ilé olóúnjẹ láti àárọ̀ yẹn? Gbé ọwọ́ síbẹ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ó tutù.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló mú iṣẹ́ tuntun wọ ìsọ̀ náà. Àlejò ni, ó sì fẹ́ràn òdòdó. Ó gbé garawa kan tó ń jò wá, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe é.

"Kò le," ni Ọ̀gá Rájí wí. "Ihò kan ṣoṣo ni. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

"Ihò kan yẹn ni kò tó mi. Ẹ bá mi lu òmíràn sí i. Òdòdó ni mo fẹ́ gbìn sínú rẹ̀. Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà."

Ọ̀gá Rájí wo garawa, wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n wá yíjú sí ọmọ iṣẹ́ wọn. "Àkànní, o gbọ́ nǹkan? Láti ìgbà tí mo ti ń jẹun nídìí jíjò, n kò rí ẹni tó wá ra jíjò rí."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àlejò náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Rájí kò gbé òòlù. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà bu omi sínú garawa ọ̀hún, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù. Nígbà tó béèrè ìdí, wọ́n ní:

"Ohun tó yẹ kó máa gba omi dúró lẹ fẹ́ kí n sọ di ohun tí kò ní gbà á dúró mọ́ láéláé. Bí mo bá ti lu ú, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ni ín ni yóò da omi ìkẹyìn nù, òun náà ni yóò sì sọ fún mi pé kí n lu ú. Ọmọ rẹ̀ kò lè bá a ṣe é. Aya rẹ̀ kò lè bá a ṣe é."

Bàbá gbà pé àṣà àwọn tíńkà ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo bi tíńkà àgbà kan ní Inísà, ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, mo rò pé Ọ̀gá Rájí ló dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀. Bó ti wù kó rí, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti lu ohun èlò kankan ní ìsọ̀ Ọ̀gá Rájí láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín da omi rẹ̀ nù níṣojú wọn. Lílu ihò di iṣẹ́ Bàbá Àkànní. Wọ́n á dojú ohun èlò náà bolẹ̀, wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan lé ìdí rẹ̀, wọ́n á sì máa fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ kí tánganran ara rẹ̀ má baà bó.

Nígbà tó yá, ike dé. Garawa oníke kì í jò bí ti páànù, bó bá sì fọ́, kò sí tíńkà tó lè dí i. Iná alábátìrì gba ipò fìtílà. Ọ̀pọ̀ tíńkà lọ ń gun ọ̀kadà, àwọn mìíràn padà sóko. Ọ̀gá Rájí ti dolóògbé nígbà náà. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn ni ìpín tó kan Bàbá. Wọ́n gbé e wá sí Ìkìrun, wọ́n sì fi ọ̀ṣọ́ ọgbà nìkan ṣe iṣẹ́. Bàbá ní àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹun nídìí iṣẹ́ náà ní gbogbo agbègbè yìí. N kò rí ẹni tó jẹ́rìí sí i, n kò sì rí ẹni tó ta kò ó.

Iṣẹ́ náà bọ́ wọn, àwọn ènìyàn sì ń pè wọ́n ní Bàbá Olódòdó. Wọn kò fẹ́ kí n kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa owó. Ilé àwọn olùkọ́, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtura, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe. Wọ́n máa ń gé táyà kí ó rí bíi pẹ́pẹ́yẹ tó dọ̀bálẹ̀, tí òdòdó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà kan tí oníbàárà kan wo irú rẹ̀ títí.

"Bàbá Olódòdó, pẹ́pẹ́yẹ yìí dáa. Ọrùn rẹ̀ ló gùn bíi ti ìyá ọkọ mi."

"Ṣé kí n gé e kúrú ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e. Ẹnìkan ti tó mi nínú ilé."

Dírìlì oníná ló yí ọwọ́ iṣẹ́ náà padà jù lọ. Ohun tí irin Ọ̀gá Rájí yóò fi ìdajì àárọ̀ lu, dírìlì á lu ú kí ẹ tó mí. Bàbá máa ń sọ pé irin àtijọ́ ń fún ènìyàn láyè láti ronú, pé dírìlì kò fún ẹnikẹ́ni. N kò gbà pé dírìlì ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ènìyàn ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irin àtijọ́ ni, bóyá wọn ì bá dúró lórí ihò àkọ́kọ́.

Ìyá Fọlá jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Inísà. Fọlá ọmọ wọn bímọ sí Ìlọrin, wọ́n sì lọ bá a tọ́jú ìkókó. Kúnlé ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, rò ó pé kí òun ṣe ọgbà òdòdó síwájú ilé kí màmá òun tó dé. Ó ti rí iṣẹ́ Bàbá ní ilé ìtura kan, ó wù ú. Ó wọ yàrá màmá rẹ̀, ó kó gbogbo abọ́ tánganran tó wà lórí pẹpẹ, àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrù ìyàwó fún wọn, ó sì kó wọn wá sí ìsọ̀ Bàbá ní Ìkìrun. Bàsíà funfun ńlá ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ni wọ́n?" ni Bàbá bi í.

"Màmá mi ni, sà."

"Ṣé wọ́n wà nílé, kí wọ́n wá da omi rẹ̀ nù?"

"Wọ́n wà ní Ìlọrin, sà, ṣùgbọ́n wọn ò ní pẹ́ dé mọ́. Mo fẹ́ kó bá wọn lójijì ni. Ẹ wo eruku ara rẹ̀ náà, sà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti lò ó."

Bàbá wo eruku náà. Wọ́n wo ọmọkùnrin tó múra dáadáa, tó ń fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ màmá rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ bá wọn dà á nù."

Kúnlé da omi nù. Dírìlì dún. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo rẹ̀ ti lu tán.

Ọjọ́ tí Ìyá Fọlá dé, Bàbá wà nílé wọn ní Inísà, wọ́n ń bomi rin òdòdó. Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n gbé báàgì wọn wọlé, wọ́n kí Bàbá kú iṣẹ́. Nígbà náà ni wọ́n rí àwọn abọ́ náà. Wọ́n fi ìka tọ etí èyí tó sún mọ́ wọn. Wọ́n lọ tààrà síbi bàsíà funfun, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ jáde, tòdòdó tòdòdó, títí wọ́n fi kan ìdí rẹ̀.

"Màmá, ṣé kò rẹwà ni?" Kúnlé béèrè.

"Ó rẹwà, Kúnlé."

Bàbá ní bí wọ́n bá ti pariwo ni, ì bá sàn. Wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n gbé bàsíà náà lé itan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

"Àwọn méjì ló ṣáájú Fọlá. Ẹ̀yin ọmọ kò mọ̀ wọ́n. Inú bàsíà yìí ni mo ti wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí èkejì lọ, gbogbo ilé péjọ lé mi lórí. Wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. N kò ní agbè kankan. Bàsíà yìí ni mo ń wò lójoojúmọ́. Mo ní lóòótọ́ ni, kò fọ́. Inú rẹ̀ ni mo wá wẹ Fọlá. Inú rẹ̀ ni mo wẹ ìwọ náà."

Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá Fọlá ní kí wọ́n dìde.

"Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rẹwà. Èyí nìkan ni kí ẹ gbé lọ, Bàbá Olódòdó. Ẹ dí i fún mi. Ọjọ́ tó bá gba omi dúró, ẹ gbé e wá."

Títí di òní, Kúnlé ní ẹ̀bi òun ni. Bàbá ní ti àwọn ni. Ìyá mi sọ̀rọ̀ kan tó le: ó ní ẹni tí kò ní ọ̀gá ló lè sọ pé òun kò mọ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Kúnlé kò mọ ohun tó ń dà nù. Bàbá mọ̀ pé ẹni tó ń dà á nù kọ́ ló ni ín. N kò rò pé ìwọ̀n ẹ̀bi wọn dọ́gba.

Òjé ni Bàbá kọ́kọ́ fi dí i. Òjé kì í lẹ̀ mọ́ tánganran, nítorí náà wọ́n ha ìdí rẹ̀ títí irin fi yọ. Ó gba omi dúró ní Ìkìrun. Ní Inísà, Ìyá Fọlá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí rẹ̀, wọ́n dúró láìsọ̀rọ̀. Wọn kò mọ Ọ̀gá Rájí rí láyé. Wọ́n ní, "Ó tutù." Bàbá gbé e padà.

Wọ́n gbé e lọ bá ajórinmọ́rin kan. Irin bàsíà ti fẹ́lẹ́ jù, iná jẹ ẹ́, ihò tún fẹ̀ sí i. Wọ́n fi páànù lẹ̀ ẹ́, ó jò. Wọ́n wá fi rọ́bà táyà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Èyí kò jò rárá. Ìyá Fọlá yẹ ìdí rẹ̀ wò, kò tutù. Wọ́n wá tọwọ́ bọ inú omi, wọ́n fi ìka kan orí nọ́ọ̀tì náà.

"Bàbá Olódòdó, ṣé ìdí ọmọ tuntun ni yóò máa jókòó lé irin yìí?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹ gbé e padà."

Ọdún ń gorí ọdún. Aládùúgbò kan máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ ra tuntun fún màmá yẹn, kí ẹ sinmi wàhálà. Bàsíà pọ̀ lọ́jà."

Bàbá á ní, "Èwo nínú tọjà ni wọ́n ti wẹ Fọlá?"

Nígbà tí mo parí ìsìnrú ìlú tí mo padà sí Ìkìrun láìrí iṣẹ́, ìsọ̀ Bàbá ni mo ń lọ jókòó sí. Pọ́lọ́mbà kan wá ra àgbá tó ṣẹ́kù, ó sì fún wa ní gọ́ọ̀mù alágolo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ fi dí tánkì omi. Ó ní bó bá gbẹ, a lè fi yanrìn bébà fá a títí yóò fi dán. Ọwọ́ Bàbá kò lè fá nǹkan mọ́. Wọ́n ń sọ, èmi ń fá, títí ìka kò fi mọ ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. A kùn ún ní funfun. A bu omi sí i, a gbé e ka orí òkúta. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kíá.

"Ọwọ́ mi kò mọ tútù mọ́. Gbé tìrẹ síbẹ̀."

Mo gbé e síbẹ̀. N kò fẹ́ sọ ohun tí kò dá mi lójú. Mo dúró títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí ro mí. Mo ní, "Ó gbẹ, Bàbá." Wọ́n lọ wọ aṣọ.

Ní Inísà, Ìyá Fọlá jókòó lórí àga níwájú ilé. Wọ́n ti darúgbó gan-an. Àwọn abọ́ tánganran yòókù ṣì wà níbẹ̀, òdòdó kún wọn, ìpẹtà ti mú etí òmíràn. Kúnlé, tí òun náà ti ń hu ewú, pọn omi wá. Màmá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìdí bàsíà. Wọ́n tọwọ́ bọ inú omi, wọ́n fi ìka wá gbogbo ìdí rẹ̀ kiri.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ìyá Fọlá fi omi náà bọ́jú. Lẹ́yìn náà wọ́n di etí bàsíà mú lápá méjèèjì. Kúnlé sáré láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú títí omi fi ṣàn jáde, ó ṣàn gba ìdí àwọn òdòdó lọ. Wọ́n dúró títí ẹ̀kán ìkẹyìn fi kán.

"Bàbá Olódòdó, ẹ lu ú."

"Màmá, ó ti gba omi dúró."

"Mo mọ̀. Nígbà yẹn, ẹ kò bi mí. Bí ẹ bá bi mí ni, bóyá ǹ bá ti ní kí ẹ lu ú. Èmi náà kò lè sọ. Ẹ ti dá a padà fún mi báyìí. Mo ti rí i pé kò fọ́. Ẹ lu ú, kí ẹ gbin òdòdó funfun sí i."

Bàbá kò mú dírìlì lọ. Irin Ọ̀gá Rájí ló wà nínú àpò wọn. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà bóyá wọ́n ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní rárá, pé àwọn kàn ń mú un kiri ni. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n dojú bàsíà bolẹ̀, wọ́n fi irin lé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, irin náà ń yọ̀. Mo fẹ́ bá wọn dì í mú. Ìyá Fọlá ti tẹ̀ síwájú lórí àga wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú ṣinṣin.

"Ẹ kàn án," ni wọ́n wí.

Bàbá kan òòlù lé e, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Òkukù. Tánganran ara rẹ̀ kò bó.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkìrun, aládùúgbò yẹn wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Ó nawọ́ sí Bàbá. "Bàbá Olódòdó, ẹ kú ìsinmi o!"

Bàbá dúró, wọ́n ṣí fìlà fún un. "Ẹ ṣeun," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ jókòó.